Iṣẹ́ Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Rán Mi

Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rán mi láì fi iyọ̀ sí i, láì bù nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bà jẹ́. Ẹyọ kan náà ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀ títí di òní olónìí.

Nerina Cárcamo ni orúkọ mi. Èmi ni mò ń ka iṣẹ́ tí wọ́n bá rán lórí rédíò ìlú wa, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Chile, níbi tí òjò kì í ti í tọrọ àyè kó tó wọlé. Ní ọdún 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí wáyà tẹlifóònù kankan tó kọjá etí ìlú. Ẹni tó bá ń gbé lókè àfonífojì, ẹṣin ni ọkọ̀ rẹ̀, ohùn mi sì ni lẹ́tà rẹ̀. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, wọ́n á gbé kẹ́tùlù omi máte, ewé tí à ń rẹ bíi tíì tí a sì ń fi ọ̀pá fà mu, kúrò lórí iná, wọ́n á lé ajá síta, wọ́n á sún mọ́ rédíò.

“Kí Berta ní Pangal gbọ́ o: màlúù méjì ń bọ̀ lọ́la, kí ó ṣí ọgbà sílẹ̀.” “Kí Anselmo gbọ́ o: ìyàwó rẹ ti bí, obìnrin ni, tìyá tọmọ wà láàyè, kí o mú ẹṣin méjì wá sí etí odò lọ́jọ́ Ẹtì.”

Báyìí ni à ń ránṣẹ́ síra wa níbí. Ẹnì kan là ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo ayé ló sì ń gbọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni pé kí àwọn yòókù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Òfin méjì ni Don Custodio, ọ̀gá mi, fi lélẹ̀. Èkíní ni pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ ni kí a kà á. Èkejì jẹ mọ́ ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ pa. Iwájú gbohùngbohùn ni a ti gbọ́dọ̀ fà á ya, kí gbogbo àfonífojì gbọ́ bí bébà ṣe ń ya, kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú ẹnikẹ́ni kò tíì kàn án.

“Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni, Nerina,” ni Don Custodio máa ń wí. “Afárá lásán ni ìwọ. Afárá kì í bi ẹni tó ń gun orí rẹ̀ kọjá pé níbo ló ń lọ.”

Mo ti lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì ní Valdivia kí n tó padà wálé wá tọ́jú ìyá mi. Wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ láti máa ṣiyèméjì nípa gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi láti ṣiyèméjì nípa ara mi.

Ní oṣù Karùn-ún, dókítà sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn pé ọkàn ìyá mi kò lè gbé e ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́. Ìyá mi, Rosalba, kò bi mí ní ohun tí dókítà wí. Wọ́n na ìka sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Nerina. Ránṣẹ́ sí Otilia.”

“Kí n ní kí ni, Màmá?”

“Ní kí ó máa bọ̀. Ní mo ń kú lọ. Mo fẹ́ ká ohun tí mo sọ sí i kúrò lórí rẹ̀.”

Mo mọ ohun náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú, Otilia ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé darandaran kan lọ sí etí adágún Ceniza, ìrìn ọjọ́ méjì lórí ẹṣin. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé òpó ilẹ̀kùn, wọ́n ní: “Ilé tí o ń lọ kọ́ yẹn kò ní gbọ́ igbe ọmọ.” Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Otilia ti lóyún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bàjẹ́ mọ́ ọn lára.

“Ẹ jẹ́ kí n kúkú kà á sínú iṣẹ́ náà,” ni mo wí. “Kí n ní: ìyá rẹ ti ká a.”

“Rárá o! Ọwọ́ ni mo fi gbé e lé e lórí, ọwọ́ náà ni n ó fi gbé e kúrò. Etí tirẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe etí gbogbo darandaran. Ìwọ ṣáà ní kí ó máa bọ̀.”

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

“Bí o bá ti gbọ́, kí ni o ń dúró ṣe? Lọ.” Wọ́n fi ọwọ́ lé mi bí ẹni ń lé adìyẹ.

Mo kọ ọ́ sórí bébà. Ìlà méjì péré ni. Mo sì fi í sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé yòókù.

Bóyá kí n sọ èyí níhìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ ìyá mi. Mo kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wà lórí itan mi, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n dijú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní: “Otilia, rọra.” Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gé èékánná náà. Otilia kò gé e rí.

N kò sọ ọ́ láti fi gbèjà ara mi. Mo kàn ń wá ibi tí omi ti kọ́kọ́ jo wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà, iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wà níwájú mi. Nígbà tí mo ka ìkẹrìndínlógún tán, ó ku ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìṣẹ́jú kan tó láti ka ìlà méjì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ìkẹrìndínlógún náà, ọkùnrin kan ló ń wá ajá rẹ̀, ajá dúdú tí etí rẹ̀ kan gé. Àṣà wa ni pé iṣẹ́ tó bá jẹ́ kánjúkánjú, à ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka ti ajá lẹ́ẹ̀mejì.

Àkókò sì tán. Ohun tí mo wí fún ara mi nìyẹn: àkókò tán.

“Ṣé o kà á?” ni ìyá mi bi mí nírọ̀lẹ́.

“Mo kà á, Màmá.”

“Lẹ́ẹ̀mejì?”

“Lẹ́ẹ̀mejì.”

“Tún un kà lọ́la. Bátìrì rédíò wọn lè ti kú.”

Kí ni ó yẹ kí n ṣe ní ọjọ́ kejì? Ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo jókòó síwájú gbohùngbohùn pẹ̀lú ìlà méjì yẹn lọ́wọ́, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

“Kí Otilia Cárcamo ní adágún Ceniza gbọ́ o: Màmá wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń sinmi, ara wọn ti ń yá. Odò Pangal ti kún. Kí ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu.”

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó dùn lẹ́nu mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ títí di òní nìyẹn.

Don Custodio ti ìhà kejì gíláàsì wọlé tọ̀ mí wá, ife máte wà lọ́wọ́ wọn.

“Ara ìyá rẹ ti ń yá? Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló ní odò Pangal kún? Àárọ̀ yìí ni mo gba ibẹ̀ kọjá. Kò dé orúnkún ẹṣin.”

“Bí Màmá ṣe rán mi nìyẹn, sà.”

“Ìyá rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá ń rí odò?”

“Bí wọ́n ṣe rán mi nìyẹn.”

Wọ́n fa máte náà títí ó fi han gooro nínú ife. “Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ọbẹ̀ àgùntàn lọ sí ilé ìwòsàn. Zulema, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Ó rí mi, ó gbé garawa rẹ̀, ó kọjá lára mi láì kí mi. Ìyá mi kò fi ẹnu kan ọbẹ̀ náà.

“Ṣé Otilia á ti máa múra báyìí?”

“Yóò ti máa múra, Màmá.”

“Odò ńkọ́?”

Mo da ọbẹ̀ sí aṣọ ìbora. “Odò wo, Màmá?”

“Odò tó wà lọ́nà ni. Àbí wọ́n ti gbé e kúrò?” Wọ́n kọ ojú sí ògiri. “Jẹ́ kí n sinmi.”

Mo sọ fún ara mi pé àgbàlagbà tó ń retí ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe kó má bèèrè odò. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá ẹlẹ́rìí jìnnà.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, àpò ìwé kan wà láàárín àwọn ìwé mi. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. “Sí Otilia Cárcamo, adágún Ceniza” ni wọ́n kọ sí i lára, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tí kò pẹ́ nílé ìwé.

“Zulema ti ilé ìwòsàn ló mú un wá,” ni Don Custodio wí. “Mo ní kí ó máa lọ, ó ní òun kò lọ síbì kankan títí òun á fi gbọ́ ọ.”

Mo wo ojú fèrèsé. Ó dúró síta pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé rédíò kékeré kan lé etí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Rédíò náà ni ojú mi kọ́kọ́ lọ sí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òun ló wà lábẹ́ aṣọ ìbora ìyá mi ní ọ̀sán àná, pé wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo kà.

Iná pupa tàn. Gbogbo àfonífojì ń gbọ́. Mo fa ìwé náà ya. Ariwo bébà náà pọ̀ létí mi bí ariwo igi tó ń ya lulẹ̀.

“Kí Otilia ọmọ mi gbọ́ o,” ni mo kà. “Èmi Rosalba ìyá rẹ ni. Mo ń kú lọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ránṣẹ́ pè ọ́, ẹni tí mo rán sì gbé iṣẹ́ náà mì…”

Mo dúró. Lórí rédíò wa, ìdákẹ́jẹ́ kì í ju ìmí kan lọ. Èyí gùn. Ní ìhà kejì gíláàsì, Don Custodio dìde dúró. N kò gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn: Kà á.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló mú mi máa bá a lọ. N kò dá ara mi lójú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin tó wà lójú fèrèsé ni mo bẹ̀rù.

“…Lánàá ó fi ohùn dídùn purọ́ lórúkọ mi. Odò kò kún. Ara mi kò yá. Di ẹṣin rẹ ní gàárì kí o máa bọ̀; ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tó jẹ́ tìrẹ. Ẹni tó ń ka èyí fún ọ náà ni ẹni tí mo rán. Kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí iná pupa kú, Don Custodio wọlé. Wọn kò pariwo.

“Afárá tó bá ń yan ẹni tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá, Nerina, igi ìdáná ni.”

“Ẹ dárí jì mí, sà.”

“Èmi? Èmi kọ́ ni mo rán ọ níṣẹ́. Bí mo bá rí ẹlòmíràn tó lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ará òkè, o kì bá tí jókòó lórí àga yẹn lọ́la.”

Mo dé ilé búrẹ́dì. Obìnrin tó ń tà á ka búrẹ́dì sórí káńtà níkọ̀ọ̀kan, ó ń wo àwọn oníbàárà yòókù.

“Mẹ́fà lo wí, àbí mẹ́jọ lo wí, o wá gbé méjì mì?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní: “Bi í kí ó sọ fún ọ bóyá odò kún!”

Odò kò tíì kún nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú yẹn gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀. Kò dá ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì yóò fi mọ́, darandaran kan ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú láti ìhà ìhín odò. Ó ní òun rí obìnrin kan lórí ẹṣin ní ìhà ọ̀hún láti ìrọ̀lẹ́ àná, omi Pangal pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ màlúù, ó ń gbé odindi igi lọ. Ó ní obìnrin náà ń gbìyànjú láti wọ inú omi, ẹṣin rẹ̀ ń kọ̀.

Bí mo bá ti jẹ́ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́rú ni Otilia ì bá ti kọjá, bàtà rẹ̀ kì bá tí tutù.

Mo sáré lọ sí wọ́ọ̀dù. Ètè ìyá mi ti ń dúdú.

“Odò ńkọ́?” ni wọ́n wí.

“Ó kún, Màmá. Lónìí, ó kún lóòótọ́.”

“O ti kúkú sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Màmá, ẹ sọ ọ́ fún mi. N ó gbé e lọ sí etí odò, n ó sì ké e sí ẹ̀gbọ́n mi láti ìhà kan sí èkejì. Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni n ó ṣe jẹ́ ẹ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un.”

Wọ́n yí ojú sí mi. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wo ẹrù tí wọ́n gbé wá sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

“Ìwọ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gbé ẹ̀rín náà mì. Zulema sáré wá, ó gbé orí wọn sókè, ó ní: “Èmi ńkọ́, màmá? Ẹ fi rán mi.”

“Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni,” ni ìyá mi wí. “N kò ní fi sí ẹnu àlejò.”

Wọ́n kọ ojú sí ògiri. Wọn kò yí i padà mọ́. Kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, wọ́n ti kú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu wọn.

Otilia dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí. Pósí ìyá wa wà láàárín yàrá, àbẹ́là mẹ́rin yí i ká, àwọn aládùúgbò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ife máte ń lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́. Ife náà dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó gba iwájú gbogbo ènìyàn wá bá mi.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ jókòó ná…”

“Mi ò wá jókòó. Kí ni ìyá mi wí?”

“Wọ́n fẹ́ ká a. Ọ̀rọ̀ ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn gbé e kúrò lórí yín.”

“Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni mo bi ọ́. Kí ni wọ́n wí?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìdánwò kan ṣì kù fún mi. Mo lè sọ pé: “Wọ́n ní ẹ ó bímọ, ẹ ó fi ọwọ́ gbé e jó.” Gbogbo yàrá ì bá ṣe àmín. Ó ṣeé ṣe kí irọ́ náà wò ó sàn. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń bà mí lẹ́rù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jẹ́ iṣẹ́ bí ó ṣe rí.

“Wọn kò sọ ọ́ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀.”

“Wọn kò sọ ọ́, àbí ìwọ lo tún gbé e mì?”

“Mo fi Ọlọ́run búra…”

“Má fi ẹnu yẹn pe Ọlọ́run níbi òkú ìyá mi! Ẹnu tó ní odò kún nígbà tí kò kún, òun ló wá ń sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ dárí jì mí?”

“Ẹ bi Zulema, ẹ̀gbọ́n mi. Zulema wà níbẹ̀.”

“Wọn kò sọ fún èmi náà,” ni Zulema wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò wò mí. “Ìyẹn nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí.”

Otilia wò mí. “Bóyá òótọ́ lo ń sọ,” ni ó wí. “O ti bà á jẹ́ débi pé òótọ́ rẹ kò wúlò fún mi.”

Ó lọ síbi pósí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ìyá wa, ọwọ́ tí wọ́n gbé lé òpó ilẹ̀kùn ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ó sì gbé e lé ikùn ara rẹ̀ lórí aṣọ tó rin gbingbin. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá ọwọ́ náà padà sórí àyà òkú.

“Ó tutù,” ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn níṣojú mi nìyẹn.

Ìgbà ti yí padà. Fóònù ti wà lápò gbogbo ọ̀dọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ń fò kiri lórí wa bí eṣú. Ṣùgbọ́n òkè ń dí ojú ọ̀nà rẹ̀ ní ibi púpọ̀, nítorí náà à ṣì ń ka iṣẹ́ ní ọ̀sán. Don Custodio ti kú; èmi ṣì jókòó sórí àga náà. Àwọn tó bá mú ìwé wá kì í lọ mọ́. Wọ́n máa ń dúró lójú fèrèsé mi pẹ̀lú rédíò létí, bí Zulema ti dúró, títí wọ́n á fi gbọ́ tiwọn. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ń dúró.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Èmi kò bẹ̀rù ẹni méjèèjì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ mi kọjá, mo ní ìpín nínú rẹ̀.

Otilia kò bímọ. N kò mọ̀ bóyá èpè ni, n kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ni, tàbí ìbànújẹ́ lásán. Mo ti ka ìwé púpọ̀ tó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dí ilé ọmọ. Mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí mo bá ń kà wọ́n.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí ìyá wa kú, ẹlẹ́ṣin kan máa ń gbé àpò ìwé kan sọ̀kalẹ̀ láti adágún Ceniza. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo àfonífojì mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ iwájú gbohùngbohùn ni mo ti gbọ́dọ̀ fà á ya.

“Kí Nerina Cárcamo ní ilé rédíò gbọ́ o. Otilia ni. Kí ni ìyá mi wí? Kí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.